Ọnà Lójú Ọ̀nà: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Lórí Ìrìn

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní Ìlọrin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra kọ́ọ̀sì ìrìn-àjò, níwájú àwọn òbí àti olùkọ́ wọn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àlùfáà wa, asàlámù aléékún. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ pa ọjà tì nítorí tiwa, a dúpẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin òbí tí owó máa ti àpò yín jáde, ẹ̀yin ni mo kí jù: ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀yin ọmọ tó ń rìn lọ, ẹ kú ìmúra.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí àmì ohùn kan péré pín níyà: ọnà àti ọ̀nà. Ọ̀kan ni agbẹ́gilére ń ṣe sára igi, ọ̀kan ni ẹsẹ̀ ń tọ̀. Ohun tí mo bá wá kò ju pé kí ẹ fi ọ̀nà wá ọnà lọ. Ẹni tó jókòó sí kíláàsì láti ọdún kìíní dé ọdún kẹrin, tó ń wo ère tí wọ́n ń tàn sára ògiri, ó lè yege ìdánwò, kódà ó lè gbégbá orókè. Ṣùgbọ́n ìtàn fọ́tò ló kọ́. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ṣì ń dúró dè é níta.

Kí wá ni kọ́ọ̀sì ìrìn-àjò? Ẹ̀kọ́ yunifásítì gan-an ni, ó ní máàkì, ó ní iṣẹ́ àmúṣe, ó ní ìdánwò. Ojú pópó àti mùsíọ́mù ni kíláàsì rẹ̀ wà. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́wàá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kì í ṣe ìgbafẹ́. Kì í sì ṣe ohun tuntun: lọ́dún 1666 ni ìjọba ọba Louis Kẹrìnlá ti Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Róòmù, kí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán àti agbẹ́gilére wọn lè máa lọ jókòó ti iṣẹ́ àtijọ́. Àwa náà ńkọ́? Ṣé ilé baba wọn ni gbogbo agbẹ́gilére wa ti kọ́ṣẹ́ tán? Lámidì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ọmọ agbẹ́gilére ni, síbẹ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló lọ, sí iléeṣẹ́ ọnà tí àwọn Fadá Kátólíìkì dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé. Ta ni Bándélé? Ọmọ Aréògún ni, Aréògún ti Ọ̀sì, gúúsù Kwara wa níbí. Ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun.

Ohun tí fọ́tò ń jí lọ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí olè. Fọ́tò ń ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè ni. Ó ń jí ìwọ̀n lọ, ó ń jí ẹ̀yìn lọ, ó ń jí ibùjókòó lọ.

Ìwọ̀n ńkọ́? Àwòrán Mona Lisa tó wà ní Paris, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 77, fífẹ̀ rẹ̀ 53. Ọwọ́ méjì gbé e. Ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ ní Florence nílẹ̀ Ítálì láàárín ọdún 1501 sí 1504, mítà márùn-ún ó lé díẹ̀ ni. Nínú ìwé, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún méjèèjì, wọ́n wá di ẹgbẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá wo Dáfídì nínú ìwé, á ní orí rẹ̀ ti tóbi jù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti tóbi jù, bóyá ọwọ́ Michelangelo ló yẹ̀. Rárá o. Òkè lára kàtídírà Florence ni wọ́n kọ́kọ́ pinnu láti gbé e sí, kí ènìyàn máa wò ó látìsàlẹ̀. Ẹ dúró nídìí rẹ̀, ẹ gbójú sókè, ọ̀rọ̀ náà á yé yín láìsí olùkọ́. Ẹni tó bá ti dúró nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ifẹ̀, tí òun náà lé ní mítà márùn-ún, ọrùn onítọ̀hún ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀.

Ti ẹ̀yìn àti ara ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Abúlé kan wà létí odò Ọya, ní ilẹ̀ Nupe tó wà ní àríwá ìpínlẹ̀ wa yìí, Tada lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ère ọkùnrin kan tó jókòó ti wá, tó wà ní mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó báyìí. Gíga rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 54. Bàbà pupa ni wọ́n fi rọ ọ́, ọwọ́ Ifẹ̀ sì hàn lára rẹ̀ kedere. Nínú fọ́tò, ara ère yìí ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó rọ ọ́ mọ ara dídán ṣe. Àwọn ará Tada ló mọ̀ ọ́n ṣe! Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn a gbé ère náà lọ sétí odò, wọn a fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí ẹja lè pọ̀, kí obìnrin lè rọ́mọ bí. Ọdún dé ọdún, iyanrìn ń jẹ ẹ́. Dídán tí ẹ rí yẹn, àdúrà ló fá a. Ẹ tún sún mọ́ ọn: bàbà tí a kò lú mọ́ ohun mìíràn kì í ṣàn bí idẹ ti í ṣàn, ó máa ń dì kó tó dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó rọ ère yìí fi ní láti lẹ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Kò sí fọ́tò iwájú tó máa sọ ìyẹn fún yín. Ẹ ní láti rìn yí i po.

Ibùjókòó nìkẹta. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tó kú lọ́dún 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Òyìnbó rí ilẹ̀kùn náà, wọ́n fẹ́ rà á. Ọba kò tà á. Àga oyè kan tí wọ́n ṣe wá láti Gẹ̀ẹ́sì ló gbà fi pààrọ̀. London ni ilẹ̀kùn yẹn wà dòní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì ga ju ọba lọ fíofío. Ní Chicago, ó dá dúró bí ọmọ òrukàn. Ní Ìkẹ́rẹ́, ó ní ẹgbẹ́, ó ní àgbàlá, ó ní ọba alààyè tó ń jókòó nítòsí rẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó dáa á mú yín dé ibi tí ohun kan wà, á sì mú yín dé ibi tó ti kúrò. Ìkejì yìí ni àwọn tó ń ṣètò máa ń gbàgbé, nítorí pé àyè òfìfo kì í gba owó ìwọlé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Mo mọ̀ pé Ítálì ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. A ó débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá mi dé Òró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ìlú yìí ná. Wọ́n ní ìlú tóbi tó báyìí wọn ò léégún rárá; ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ oríkì yìí tó ní kò sí iṣẹ́ ọnà nílùú Ìlọrin, ère nìkan ló mọ̀ ní ọnà. Kí ló dé tó kọjá Dàdà, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, láìwo ìkòkò? Kí ló dé tó wọ òfì lọ síbi ìgbéyàwó, tí kò mọ̀ pé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ? Ẹ ka ọ̀já tó wà nínú ìró kan. Ẹ wo ibi tí ọ̀já méjì ti pàdé, bóyá àrà wọn bára mu tàbí ó yẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ti máa mọ ahunṣọ tó wọn aṣọ rẹ̀ dáadáa kó tó gé e. Làǹtànà ńkọ́, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin ń gbẹ́ tí wọ́n ń lu? Iṣẹ́ yẹn ti kú, àpótí ìyá àgbà nìkan ló kù tí ẹ ti lè rí i. Ẹ tọrọ ẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹ dá a padà o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀. Láti Ìlọrin, a gba Ìdòfìàn, a kan Àjàṣẹ́-Ìpo, a dé Òró, a yà sí Èsìẹ́. Ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Lọ́dún 1933 ni òyìnbó kan, Ramshaw, tó ń bẹ iléèwé wò fún ìjọ CMS, ròyìn wọn fáyé gbọ́. Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n kí wọ́n tó bí baba rẹ̀. Lọ́dún 1945 ni wọ́n dá mùsíọ́mù sílẹ̀ níbẹ̀, mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Jos. Èsìẹ́ ni.

Kí lẹ máa ṣe níbẹ̀? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á rí ẹgbẹ̀rún ojú tó ń wò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò látẹnu ọ̀nà. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti rẹ̀ ẹ́, gbogbo ère ti di ọ̀kan lójú rẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta péré. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: orí kí ló jókòó sí? Kí ló mú lọ́wọ́? Ilà wo ló wà lójú rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe dirun tàbí dé fìlà sí i lórí? Ẹ ó rí obìnrin tó gbé àdá lé èjìká. Ẹ ó rí àpótí ìjókòó tó ní òpó kan láàárín. Ẹ wo ọrùn: ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣẹ́ níbẹ̀. Òkúta náà rọ̀ débi pé èékánná lè fá a, òun ló jẹ́ kí ẹni tó gbẹ́ ẹ lè fín irun lẹ́yọ lẹ́yọ, òun náà ló jẹ́ kí ó tètè ṣẹ́. Ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ má dán an wò.

Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100, wọn ò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ fi ìlà sáàárín, kí ẹ má fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Láti Èsìẹ́, a gba Òmù-Àrán lọ sí Òdò-Ọwá, ìlú Bámigbóyè agbẹ́gilére. Lọ́dún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ ọkùnrin yìí jọ, wọ́n pàtẹ rẹ̀ fún òun nìkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà wọ bàlúù lọ wò ó. Ẹ̀yin ńkọ́, tí bọ́ọ̀sì lásán lè gbé dé ìlú rẹ̀? Orí Ẹpa, ère tí wọ́n ń rù sórí jó lọ́jọ́ ọdún Ẹpa, ló fi lókìkí jù. Igi kan ṣoṣo ni, ó ga kọjá mítà kan. Ìsàlẹ̀ tó bọ orí ni wọ́n ń pè ní ìkòkò. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sára ìkòkò yìí tóbi, kò ní fínfín púpọ̀. Òkè ni ẹlẹ́ṣin wà, tàbí ìyá ọlọ́mọ pẹ̀lú èrò yí i ká, fínfín sì pọ̀ níbẹ̀ bí irun. Kí ló fà á? Nínú mùsíọ́mù tí wọ́n ti gbé e sórí irin, kò lè yé yín. Ní agbo, ẹni tó rù ú ń fò gun òkìtì, ìkòkò yẹn a dàpọ̀ mọ́ màrìwò àti eruku, ẹlẹ́ṣin nìkan ni ojú ń bá lọ lókè.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà ní agbègbè yẹn, ní Ọ̀sì àti Òdò-Ọwá. Iṣẹ́ agbẹ́gilére ní ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, níbi tí àáké ti ń la orí, ara àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, àlétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ, dídán, àti fínfín. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ lọ́jọ́ tó ń fín, ẹ ó máa rò pé ọ̀bẹ ló gbẹ́ ère. Nítorí náà, kí olùkọ́ ti ránṣẹ́ ṣáájú pé kó ṣe igi mẹ́rin sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele tirẹ̀, kó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ère tí kò parí kọ́ni ju èyí tó parí lọ.

Bí a ṣe ń wo ohun kan

Ogójì ìṣẹ́jú fún ohun kan. Mo gbọ́ kíkùn yín. Ogójì.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ jìnnà, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yà á, pẹ́ńsù ni o. Bíírò kò wọ mùsíọ́mù, torí bí yíǹkì bá ta sí i, kò ní jáde mọ́. "Mi ò mọ àwòrán yà" kì í ṣe àwáwí. Iṣẹ́ tí pẹ́ńsù ń ṣe ni pé ó ń fipá mú ojú láti dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ya etí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí etí bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ara yín wọ̀n ọ́n: ó dé orúnkún, ó dé ìgbáròkó. Ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ibi tó ti ya, ibi tí wọ́n ti tún un ṣe.

Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ tó ka pátákó tí wọ́n kọ àlàyé sí. Kí ló dé? Nítorí pé bí ẹ bá ti kà á, ojú yín á kọ̀ṣẹ́ sílẹ̀, á ní àwọn ọ̀gá ti wò ó tán. Nọ́ńbà tó wà lára pátákó yẹn ni kí ẹ má gbàgbé. Òun ló dà bí orúkọ àbísọ ère náà nínú ìwé mùsíọ́mù, òun lẹ máa fi rí i lọ́jọ́ iwájú bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e kúrò.

Fọ́tò dé kẹ́yìn, bí wọ́n bá gbà kí ẹ yà á: iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn, ojú, pátákó. Ẹ pa fíláàṣì. Iná líle ń ṣá àwọ̀ aṣọ àti ọ̀dà, ohun tó bá sì ti ṣá kì í padà. Ẹni tó ya fọ́tò 600 láìya pátákó, tó bá délé, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ tún àkọsílẹ̀ yín kọ, kí oorun tó gbé e lọ.

Ètò, àti ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Ibi méjì lóòjọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ẹni 18, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò rẹ̀: awakọ̀ kan, olùkọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ó pé. Ẹrù ńkọ́? Orí itan ni? Akẹ́kọ̀ọ́ 12 ni kí ẹ kó.

Lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì àjọ mùsíọ́mù ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ẹ sì tún pe ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí i. Lẹ́tà kì í ṣílẹ̀kùn. Ní ìlú, ààfin la kọ́kọ́ ń yà, kì í ṣe ojúbọ. Ẹ mú ohun tí a fi ń kí ọba dání, ẹ jẹ́ kí àgbà kan sọ̀rọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má na fóònù sí kábíyèsí lójú. Ẹ béèrè ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ orò kí ẹ tó mú déètì, pàápàá nítorí àwọn obìnrin yín. Kàlẹ́ńdà yunifásítì ò mọ orò. Ẹ má fi ìrìn há àkókò ìrun Jímọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tà ère "àtijọ́" fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ. Òfin 77 ti ọdún 1979 kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Bó bá jẹ́ ti òótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ayédèrú, òfò ni.

Ní ti Ítálì: a lè béèrè físà Schengen, ìyẹn ìwé ìwọlé sí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn, kò sì gbọdọ̀ kéré sí ọjọ́ 15. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, yúrò 90 ni owó físà náà fún àgbàlagbà. Ìwé adójútòfò ìlera gbọ́dọ̀ dé yúrò 30,000. Mo bẹ yín, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù tí kò ṣe é dá padà kí físà tó jáde.

Ẹ mọ ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn. Mùsíọ́mù Uffizi àti Accademia ní Florence kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Louvre ní Paris kì í ṣí lọ́jọ́ Túsìdeè. Mùsíọ́mù Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àfi èyí tó kẹ́yìn oṣù. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò kí ẹ tó wọ Vatican. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ìyẹn ò kàn yín. Ní Padua, ilé ìjọsìn Scrovegni tí Giotto kun ògiri rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1305, wọ́n á kọ́kọ́ dá yín dúró fún ìṣẹ́jú 15 nínú yàrá kan kí ọ̀rinrin ara yín má bàa ba ọ̀dà jẹ́, wọ́n á sì sábà fún yín ní ìṣẹ́jú 15 péré nínú. Ogójì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Nílé lẹ ti máa pín ògiri: ìwọ wo apá òsì, ìwọ wo ìdájọ́ ìkẹyìn, lálẹ́ kí ẹ pàdé kí ẹ sọ fúnra yín.

Ní Róòmù, ẹ mú owó ẹyọ dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi. Àwòrán mẹ́ta tí Caravaggio kùn nípa Mátíù wà ní kọ̀rọ̀ kan tó ṣókùnkùn; owó ẹyọ lẹ máa sọ sínú ẹ̀rọ kí iná tó tàn, kì í sì í pẹ́ kú. Bó bá kú, ẹ má yára sọ òmíràn. Ẹ wo fèrèsé tó wà lókè pẹpẹ, kí ẹ wá wo ìpè Mátíù tó wà lápá òsì: ìmọ́lẹ̀ tó kùn sínú àwòrán, apá ibi tí fèrèsé yẹn wà gan-an ló ti wọlé. Inú òkùnkùn lẹ ti máa rí i. Kò sí ìwé tó lè paná fún yín.

Ọ̀la la bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa gbéra lọ sí Èsìẹ́, àpò kan fún ẹnì kan. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wá àmù tàbí ìṣasùn kan nínú ilé yín, ẹ fún un ní ogójì ìṣẹ́jú, ẹ ya iwájú rẹ̀, ẹ ya inú rẹ̀, ẹ dà á dé kí ẹ ya ìdí rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí iná ti bà á. Ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni mo ti máa gba ìwé náà. Ẹni tí kò bá ya ìdí rẹ̀, á sáré padà lọ yà á, awakọ̀ á sì dúró dè é.